Eegun Díẹ̀ fún Òwú

Gbogbo àdúgbò Basin ló mọ̀ pé Tíṣà Olújìmí kì í fún ọmọ lẹ́ran púpọ̀ jẹ. Lójú tirẹ̀, ọmọ tó bá ti mọ adùn ẹran kò ní pẹ́ tí yóò fi máa tọwọ́ bọ ìkòkò ọbẹ̀. Bó ṣe tọ́ Moṣọpẹ́ nìyẹn, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyàwó rẹ̀ bí fún un kó tó kú. Ẹran tí kò tó ìka ló máa ń bù sórí oúnjẹ rẹ̀, títí ọmọ fi wọ yunifásítì ní Ìbàdàn lọ́dún 1991.

Nígbà tí Moṣọpẹ́ ń lọ, ó gbé ọmọ ológbò funfun kan lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Òwú lorúkọ rẹ̀, kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ. Ó ní kí wọ́n bá òun tọ́jú rẹ̀ títí di Kérésì. Àárò ọmọ ń sọ Tíṣà, kò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Ni ahun ẹran bá di ẹni tó ń ra ògidì ẹran tútù fún ológbò lójoojúmọ́. Kì í jẹ́ kí eegun wà níbẹ̀ rárá, torí ó gbà pé oúnjẹ ẹni tí a kò fẹ́ràn ni eegun.

Oṣù kejì kò tíì pé tí ẹsẹ̀ Òwú fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kò lè fò sórí àga mọ́, bí wọ́n bá sì fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, á ké. Moṣọpẹ́ kọ lẹ́tà béèrè rẹ̀. Tíṣà, tó ti na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́, kọ̀wé padà pé Òwú ń ṣeré káàkiri.

Ló bá gba ọjà Ipata lọ sọ́dọ̀ Àbdùlkàrímù, alápatà tó ń tẹran fún un. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ń ṣe Òwú àti ohun tó ń jẹ, Àbdùlkàrímù gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Tíṣà, ṣé ẹ ti rí eku tí Ọlọ́hun dá láìní eegun rí? Wàláhì, ẹran lásán ló sọ ọ́ dà báyìí. Ẹ máa gé ọrùn adìyẹ fún un ní tútù. Ẹ má sè é o, eegun sísè tó bá là, á gún un nífun."

Ṣé ẹ mọ Tíṣà, ohun tó bá gbà, àgbàtán ni. Ọrùn adìyẹ láàárọ̀, ọrùn adìyẹ lọ́sàn-án, ẹsẹ̀ adìyẹ lálẹ́. Lọ́jọ́ karùn-ún, Òwú lóṣòó lẹ́yìnkùlé, ó ń tiraka, ìwọ̀nba ìgbẹ́ tó yọ sì funfun, ó le bí ẹfun. Kò jẹun mọ́. Tíṣà jókòó tì í nílẹ̀, ó sunkún.

Inú bí Àbdùlkàrímù nígbà tó gbọ́. Ó ní ẹran ara eku pọ̀ ju eegun rẹ̀ lọ, pé tí wọ́n bá pín oúnjẹ Òwú sọ́nà mẹ́wàá, kí eegun má kọjá ọ̀kan, kí wọ́n sì fi ẹ̀dọ̀ díẹ̀ sí i.

Láti ọjọ́ náà, Tíṣà ń fi ọlọ lọ ọrùn adìyẹ. Láràárọ̀ ló ń yẹ ìgbẹ́ ológbò wò bí ẹni ń máàkì ìdánwò: tó bá funfun, á dín eegun kù, tó bá ṣàn, á fi kún un. Nígbà tí oṣù Kejìlá fi dé, Òwú ti ń fò sórí àga. Àmọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ti wọ́, kò sì ní tọ́ mọ́ láéláé.

Ó lọ pàdé Moṣọpẹ́ ní Challenge, níbi tí ọkọ̀ Ìbàdàn ti ń já èrò. Kí ọmọ tó kí i tán ló ti jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan irọ́ inú lẹ́tà. Moṣọpẹ́ kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ń wò ó.

"Bàbá mi, mo lè gbé ológbò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ni mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ máa dá jẹun."

Tíṣà gbé báàgì ọmọ rẹ̀ rù, ó sì ṣáájú, kí ọmọ má baà rí ojú rẹ̀.