Mítà Tó Ń Sọ Faransé

Naheem rewaya kò bẹ̀rù wáyà. Wáyà tó já, wáyà tó jóná, wáyà tí eku fi ṣe oúnjẹ alẹ́, gbogbo wọn ló ti bá jìjàkadì lẹ́yìn ọjà Àgbálátà, tó sì dá wọn. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń já a láyà ní gbogbo Àgbádárìgì ni Alájì Ajíbóyè, bàbá Àdùní, ọmọbìnrin tí Naheem ń fẹ́.

Onílẹ̀ ni Alájì. Ó sì ní mọ́tò kan tó ń nù ju bó ṣe ń nu bàtà Jímọ̀ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mọ́tò náà ní àìsàn tó ń dójú ti olówó rẹ̀: bí Alájì bá ti tẹ bíréèkì, dípò kí iná pupa ẹ̀yìn tàn, tráfíkétọ̀ apá òsì ni yóò máa ṣẹ́jú. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á rò pé Alájì fẹ́ yà. Alájì ò ní yà. Ọlọ́kadà á bú u, oníkẹ̀kẹ́ Márúwá á bú u, obìnrin tó gbé burẹ́dì rù náà á dúró, á bú u tẹ́rùn kó tó máa bá tirẹ̀ lọ. Láti Ìjánikin títí dé etí omi, Bàbá Ń-yà-kò-yà ni wọ́n ń pè é.

Nígbà tí Naheem wá tọrọ Àdùní, Alájì ò béèrè ìdílé, kò béèrè mọ́sálásí. Ó na ìka sí mọ́tò.

"Ṣé rewaya ni wọ́n ní o jẹ́? Wá ní Sátidé. Wá àìsàn yẹn rí lójú gbogbo ẹbí. Bí o bá rí i, àna mi ni ọ́. Bí o ò bá rí i, má jẹ̀ẹ́ kí n tún rí ẹsẹ̀ rẹ lẹ́nu géètì mi."

Naheem ní irinṣẹ́ kan. Gílóòbù ọ̀kadà ni, tó so wáyà méjì mọ́, tó fi abẹ́rẹ́ ńlá sẹ́nu ọ̀kan. Olóòótọ́ ló sọ ọ́. Bí iná bá wà nínú wáyà, Olóòótọ́ á tàn. Bí iná ò bá tó, á ṣe bàìbàì. Bí kò bá sí rárá, á dákẹ́. Kì í ṣàsọdùn. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ náà, Naheem wò ó, ojú tì í. "Ṣé gílóòbù ọ̀kadà ni n ó gbé wá síwájú onílẹ̀?"

Ló bá di ọ̀dọ̀ Dosi, ọmọ Ègùn tó ń ta irinṣẹ́ mọ́tò ní Àgbálátà.

"Nọ̀vi, ọmọ ìyá mi, kí lo fẹ́ fi mítà dán wò?"

"Àna mi."

Dosi gbé ojú sókè. "N ò ní irú ìyẹn. Ti mọ́tò nìkan ni mo ń tà." Ó mú mítà kékeré kan wá. "Èyí á ka agbára iná fún ọ. Bí wáyà ò bá já, á dún. Ó tó ọ."

"Ó kéré. Bí mo bá dì í mú, wọ́n á rò pé mo fẹ́ pe ìyá mi lórí fóònù. Èwo ló tóbi jù?"

"Irinṣẹ́ lò ń rà ni, àbí màlúù iléyá?"

"Gìrìwò tó wà lókè yẹn ńkọ́?"

Mítà aláwọ̀ ìyeyè kan ló wà lókè, ó tóbi bí bíríkì. Dosi sọ ọ́ kalẹ̀ tìṣọ́ratìṣọ́ra. "Ìyẹn ń sọ̀rọ̀. Kùtọnu ló ti wá, Faransé ló sì ń sọ."

"Faransé kẹ̀! Dì í fún mi."

"Ṣé o gbọ́ Faransé ni?"

"Ṣé Alájì gbọ́ ọ ni?"

Dosi mi orí. "Nọ̀vi, ó kéré tán, kọ́kọ́ gbé e lé bátìrì tó o mọ̀ pé ó dáa, kó o gbọ́ ohun tó máa wí. Ẹni tá a fẹ́ fi ṣe ẹlẹ́rìí, ṣé a ò ní kọ́kọ́ mọ̀ bóyá orí òun náà pé?"

Naheem ti gbé e sápá, ó ti ń lọ.

Ní Sátidé, ẹbí Ajíbóyè pé sábẹ́ igi fúrúùtù. Naheem wọ funfun balau, ó gbé mítà lọ́wọ́ méjèèjì bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Alájì dìde, ó yin mọ́tò rẹ̀ ná.

"Ẹ wo mọ́tò yìí, ẹja ò wọ̀ ọ́ rí! Àwa Ajíbóyè, ilẹ̀ là ń tà, a kì í ta ẹja. Ẹni tó bá fi òórùn ẹja bà mí nílé jẹ́, kó gbé ẹrù rẹ̀ tẹ̀lé ẹja náà."

Àdùní wolẹ̀. Naheem mọ ìdí rẹ̀. Àdùní ti sọ fún un ní bòńkẹ́lẹ́ pé òun gbé ọpọ́n ẹja kan lọ sí Àgbálátà nínú búùtù mọ́tò yìí nígbà tí Bàbá ń sùn lọ́sàn-án, pé kó má sọ fẹ́nikẹ́ni.

Naheem ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi ẹnu mítà kan wáyà.

"Pílì fébù!" ni mítà wí, ohùn obìnrin, ó mọ́ gaara.

"Yéè!" ni ìyá àgbà kan ké, ọwọ́ lórí gèlè. "Òyìnbó wà nínú rẹ̀!"

"Kí ló wí?" Alájì béèrè.

Naheem húkọ́. "Ó ní ọpọlọ mọ́tò ti gbóná, sà."

Ó kan ibòmíràn. "Pílì fébù!"

"Ó ní wáyà òsì ń bá wáyà ọ̀tún ṣọ̀tá."

Ó tún kàn án. "Pílì fébù!"

"Ó ní... ó ní kí á fi àdúrà kún un."

"Àmín!" ni ìyá àgbà wí.

Alájì rọra rìn wá. Ó fi ọwọ́ lé èjìká Naheem. "Naheem, kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti ń ra aṣọ ní Kùtọnu. Ohun tó ń wí ni pé bátìrì inú òun alára ti ń kú lọ. Ebi ló ń pa á! Ó ń bẹ̀ ọ́ kó o fún òun lóúnjẹ, ìwọ ń fi ẹkún ẹlẹ́kún ṣe wàásù!"

Ẹ̀rín bú gbàù. Ìyá àgbà gba àmín rẹ̀ padà. Ó ku díẹ̀ kí Naheem wọ abẹ́ mọ́tò lọ, kó máà jáde mọ́.

Alájì ò rẹ́rìn-ín. "Tún pa ẹyọ irọ́ kan sí i níbí, Àdùní ò ní jẹ́ tìẹ láéláé. Ṣé o lè rí àìsàn yìí, àbí o ò lè rí i?"

Naheem gbé mítà lé orí mọ́tò. Ó ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò, ló bá kan Olóòótọ́ tó ti bára ibẹ̀ mu. Ó fà á yọ. Ẹnikẹ́ni ò yìn ín. Ó lọ sẹ́yìn, ó ní kí wọ́n tan iná alẹ́. Ó fi ọ̀kan nínú wáyà Olóòótọ́ sí ibi tí iná ń gbà wọ gílóòbù ẹ̀yìn, ó fi abẹ́rẹ́ kan ara irin mọ́tò: Olóòótọ́ tàn yòò. Ó gbé abẹ́rẹ́ kúrò lára irin, ó fi kan wáyà dúdú tó yẹ kó máa dá iná náà padà sára irin: Olóòótọ́ ṣe bàìbàì.

"Wáyà dúdú yìí ni, Alájì. Kò kan irin dáadáa mọ́. Iná tó yẹ kó gba ibí padà ló ń wá ọ̀nà ẹ̀bùrú gba inú tráfíkétọ̀."

Ó ká kápẹ́ẹ̀tì búùtù sókè. Bóòtù tó di wáyà náà mú ti dípẹtà, ó ti di àkàrà. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìpẹ́ ẹja ń dán yanranyanran nínú oòrùn.

Ohùn Alájì wá láti ẹ̀yìn, ó tinrín. "Kí... kí ló jẹ bóòtù náà?"

Naheem wo Àdùní. Ojú Àdùní ń bẹ̀bẹ̀. Bó bá purọ́, ó pàdánù rẹ̀. Bó bá sòótọ́, wọ́n á gbé ẹrù ọmọbìnrin náà síta. Ó wo gílóòbù ọwọ́ rẹ̀.

"Omi ẹja oníyọ̀ ni, Alájì. N ò ní purọ́ fún yín. Mo sì mọ ẹni tó gbé ẹja náà. Ṣùgbọ́n ẹ pa mí, n ò ní dárúkọ onítọ̀hún."

Alájì gbá a lápá mú, ó wọ́ ọ lọ sẹ́yìn ògiri. Naheem ti ń ka ṣàhádà sínú.

"Ta ló sọ fún ọ?" Alájì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, òógùn bò ó. "Ṣé o rí mi létí omi lẹ́yìn ìrun àárọ̀ ni? Ọmọ mi, ilẹ̀ ti tán! Èyí tó kù ò tó sin ológbò. Ẹja ni mò ń kó lọ fún àwọn oníbàárà mi. Jọ̀ọ́, bò mí láṣìírí."

Naheem la ẹnu, kò lè pa á dé.

"Ẹ... ẹ má ṣèyọnu, Bàbá. Mo ti ní n ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni."

"Bàbá lo pè mí yẹn? Ó bọ́ sí i. Àna mi ni ọ́."

Nígbà tí wọ́n padà dé, Naheem ha ìpẹtà kúrò, ó di bóòtù le. Alájì wọlé, ó tẹ bíréèkì: iná pupa méjèèjì tàn kedere, tráfíkétọ̀ sì gbé jẹ́ẹ́. Ẹbí pàtẹ́wọ́. Lórí mọ́tò, mítà tún gbìyànjú: "Pílì..." Ibẹ̀ ló kú sí.

Àdùní yọ́ sún mọ́ ọn. "Naheem, ọpọ́n kan péré ni mo gbé, ẹ̀ẹ̀kan náà sì ni. Báwo ni ìpẹ́ ṣe wá pọ̀ tó báyẹn?"

Naheem wo Alájì. Alájì ti ń wò ó tẹ́lẹ̀, ó di sítíárì mú bí ẹni pé ó fẹ́ sá lọ.

"Wáyà yẹn," ni Naheem wí, ó ń ká Olóòótọ́ sápò, "ó ti ń ṣàìsàn tipẹ́."