Ènì Orí Òṣùwọ̀n

Ẹ gbé dróònù yẹn sílẹ̀ ná. Lájídé, ìwọ náà wá jókòó. Mo lá àlá kan ní ìdájí òní, níbi tí mo forí lé tábìlì yìí, ara mi ò sì tíì balẹ̀ láti ìgbà tí mo ti jí.

Nínú àlá náà, mo ń wọn agbára abẹ̀bẹ̀ dróònù bí a ṣe máa ń wọ̀n ọ́n. Mo dè é mọ́ orí òṣùwọ̀n ní ìdoríkodò, kó lè máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dípò kó fò lọ. Ẹ ṣáà mọ̀ pé bó bá ṣe tẹ̀ ẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa lè gbé ẹrù tó. Òṣùwọ̀n húkọ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta gíráàmù." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀, tábìlì ti di ọ́fíìsì ìjọba. Ọ́fíìsì náà dúró sójú ọ̀run lókè ọ̀sà, tàga tàga, pẹ̀lú akọ̀wé mẹ́fà, abẹ̀bẹ̀ mẹ́rin péré ló gbé e dúró. Nísàlẹ̀, òṣíbàtà ti bo ojú omi, bó ṣe bò ó gan-an báyìí tí ọkọ̀ kankan ò lè kọjá sí Ìdí-Àgbọn, níbi tí Moríyíkẹ́ àbúrò mi wà.

Ọ̀gá ibẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Olúmákindé, ní òun ò ní lu òǹtẹ̀ títí n ó fi sọ iye tí abẹ̀bẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè gbé. Mo ní ẹgbẹ̀ta. Ó ní òun gbọ́ ohun tí òṣùwọ̀n sọ o. Mo wá ṣàlàyé fún un pé ìyá wa ta ẹja gbígbẹ títí wọ́n fi kú, àwọn ló sì kọ́ wa pé bí èèyàn bá wọn ọjà tán, kó fi ènì sí i, kí oníbàárà lè padà wá. Ọgọ́rùn-ún yẹn, ènì ni. Ọ̀gá ní òótọ́ ni mo sọ, pé atẹ́gùn náà oníbàárà ni. Làwọn akọ̀wé bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ènì sórí fáìlì wọn, ni ọ́fíìsì bá ń rì lọ sísàlẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò pariwo. Akọ̀wé kan kàn ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè.

Bí ọ̀gá ṣe ṣí fìlà, ìwo ló wà níbẹ̀. Kó tó jókòó tán, ó ti di ewúrẹ́, táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Èmi ò yé pè é ní ọ̀gá, nítorí ọ̀gá lọ̀gá ń jẹ́. Ó fa ìwé mi mọ́ra, ó jẹ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì fi ọgọ́rùn-ún mẹ́rin sílẹ̀ lórí tábìlì. Mo bi í pé kí ló dé tí ọ̀gá ò jẹ ẹ́ tán.

"Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀," ewúrẹ́ wí.

Mo yíjú padà, Moríyíkẹ́ ló jókòó sórí òṣùwọ̀n, toyún toyún, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bó ṣe wú lójú ayé. Omi ti dé orúnkún wa. Kò tiẹ̀ bínú sí mi, ohun tó sì dùn mí jù nìyẹn.

"Bùọ̀dá mi, ènì yẹn, ta ni yóò gbé e?"

Mo ń wá ìyá wa kiri kí wọ́n bá mi dáhùn. Ibẹ̀ ni mo ti ta jí.

Ẹlẹ́pà wà lójú fèrèsé yìí, obìnrin kan sì ń bi í pé ènì òun ńkọ́. Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo wo ìwé mi. Ẹgbẹ̀ta, ẹgbẹ̀ta, lẹ́ẹ̀mẹrin, ọwọ́ èmi ló kọ ọ́ lánàá, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni mo rántí pé mo kà lórí òṣùwọ̀n, mi ò sì mọ̀gbà tí ọwọ́ fi ènì sí i.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lọ́nà mẹ́rin, kílò méjì ni. Dróònù, bátìrì, oògùn àti yìnyín tí wọ́n fi yí i ká jẹ́ kílò méjì àti igba gíráàmù. Inú òṣíbàtà ni à bá sọ ọ́ sí láàárọ̀ yìí, oògùn yẹn nìkan ló sì kù ní ọsibítù. Nọ́ọ̀sì Ìdí-Àgbọn ní Moríyíkẹ́ àti oyún inú rẹ̀ ò lè dúró di ọ̀la.

Moríyíkẹ́ ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta, mo mọ̀ pé ó fẹ́ bèèrè bóyá dróònù ti gbéra ni. Mi ò tíì gbé fóònù rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí.

Lájídé, gbé òṣùwọ̀n wá. Ká yọ yìnyín díẹ̀díẹ̀, ká tún abẹ̀bẹ̀ wọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwọ ni kó o ka ohun tó bá sọ sókè, ìwọ náà ni kó o kọ ọ́ sílẹ̀. Gba bírò yìí lọ́wọ́ mi.