Ẹ̀rí Tíṣà Àlàní Nípa Omi Eléèéfín

Ẹni tó bá ní òun mọ ayé ju Tíṣà Àlàní lọ ní àdúgbò Hanoukopé, kó jáde kí n rí i. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní jógíráfì ní Lomé. Bó bá mú ṣọ́ọ̀kì, á ya odò Zambezi sójú pátákó láìwo ìwé. Tó bá wá yà á dé ibi tí odò náà ti já bọ́ sínú ọ̀gbun, ibi tí àwọn onílẹ̀ ń pè ní Mosi-oa-Tunya, Èéfín Tó Ń Sán Bí Àrá, á gbọn ọwọ́ nù, á ní, "Èyí, èmi fojú ara mi rí i."

Irọ́ gbuu! Kò débẹ̀ rí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé lọ́dún 1985, alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ jókòó sẹ́yìn kíláàsì, ọmọ kan tó ń jẹ́ Isidore bá nàka sókè: "Tíṣà, ṣé ẹ ti rí i rí?" Alábẹ̀wò gbójú sókè láti inú ìwé rẹ̀. Ọkùnrin tí ìrìn àjò rẹ̀ kò kọjá Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú bàbá rẹ̀, ló bá dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn ọmọ ò jẹ́ kó sinmi mọ́. Báwo ló ṣe rí, Tíṣà? Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí ṣàpèjúwe.

Yéjídé ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀, ó sì fi ogójì ọdún pa ẹnu mọ́. Ẹ bá mi kí obìnrin yẹn.

Àfi bí Fisáyọ̀ ọmọ wọn, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Johannesburg, ṣe ra tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn lóṣù kẹrin ọdún yìí, pé kí bàbá àti ìyá òun wá fi ọjọ́ méjìlá ṣe fàájì. Wọ́n ṣe é! Ní Cape Town, wọ́n wọ àpótí onígíláàsì kan tí wáyà ń fà lọ sórí òkè tó tẹ́ pẹrẹsẹ bíi tábìlì, tí ìkùukùu sì bò ó bí aṣọ tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Tíṣà mọ gíga òkè náà sórí, ó kà á fún gbogbo ẹni tó wà nínú àpótí, kò sì sẹ́ni tó bi í. Létí òkun, àwọn ẹyẹ kan ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lórí iyanrìn, wọ́n wọ dúdú lórí funfun bí àwọn díákónì. Yéjídé kúnlẹ̀ kí wọn, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé odò Chobe, agbo erin já wọnú omi, àwọn ìyá ń ti ọmọ wọn síwájú, imú gígùn wọn nìkan ló yọ lókè odò. Tíṣà ṣí fìlà. Ojú kì í rí arẹwà kó má kì í. "Olúwa," ló ń wí ṣáá, "Olúwa, ẹ kú iṣẹ́."

Wọ́n wá dé ibi omi.

Láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti rí èéfín náà, ó dúró gbọnrangandan sójú ọ̀run. Ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ bàtà wọn. Wọ́n wọ aṣọ òjò, ọ̀run sì mọ́ kedere, ibẹ̀ ni òjò ti ń rọ̀ láti ìsàlẹ̀ sókè! Tíṣà sún mọ́ etí àpáta, ó gbójú sókè kó lè rí omi náà. Kò sí nǹkan kan lókè. Odò náà wà níwájú rẹ̀ lódìkejì, wọ́n jọ ga bákan náà, ó fẹ̀ ju ibi tí ojú lè ká lọ, ó sì ń ya wọ ọ̀gbun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò rí ìsàlẹ̀. Òṣùmàrè méjì ló rí, ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ká bí òrùka. Ẹwà náà pọ̀ débi pé àyà ń dùn ún.

Ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun ti gbé. Nítorí ohun tó fi kọ́ àwọn ọmọ ni pé èèyàn á dúró nísàlẹ̀, á gbójú sókè, omi á máa yọ̀ bọ̀ lára àpáta dúdú, igi kékeré kan á wà lápá òsì, èèyàn á sì lè ki ẹsẹ̀ bọ inú adágún.

"Bàbá Fisáyọ̀," Yéjídé pariwo sí i létí, "kì í ṣe Kpimé lẹ ń sọ fún àwọn ọmọ láti ọjọ́ yìí?"

Kpimé ni. Omi kékeré tó ń já bọ́ láti orí àpáta lẹ́bàá Kpalimé, ibi tí àwọn méjèèjì lọ lọ́sẹ̀ tí wọ́n ṣègbéyàwó. Kò tíì rí irú omi bẹ́ẹ̀ mìíràn rí láyé rẹ̀ nígbà yẹn, kí ni ì bá sọ? Tíṣà sunkún. Ṣebí ojú gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló tutù, ta ló máa mọ̀?

Wọ́n padà sí Lomé. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní àṣà kan: ẹni tó bá ti ọ̀nà jíjìn dé gbọ́dọ̀ jẹ́rìí ní ọjọ́ Ìsinmi. Isidore, ọmọ tó nàka sókè lọ́jọ́sí, kúkú ti di tíṣà jógíráfì ní Zanguéra. Ọmọ Ifẹ̀ Atakpamé ni, ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ yàtọ̀, àmọ́ ní Sátidé ó pè lórí fóònù. Ó ní òun ń bọ̀, òun ṣì ní kàyé, ìwé tí òun kọ ọ̀rọ̀ Tíṣà sí ní kíláàsì, òun á kà á fún ìjọ kí Tíṣà tó jẹ́rìí ìrìn ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Yéjídé ń lọ agbádá lọ́wọ́. "Ṣé ẹnu yẹn náà lẹ máa fi dúpẹ́?"

"Tí mo bá jẹ́wọ́, kí ló kù tí mo ní? Orúkọ yẹn nìkan ni mo ní, Yéjídé."

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀." Ó gbé agbádá kọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Isidore ka kàyé náà láti orí dé ìdí: àpáta dúdú, igi kékeré, adágún. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Wọ́n gbé máìkì fún Tíṣà. Ó rọrùn kó kàn ní "Àmín". Ó wo Yéjídé. Yéjídé ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Kpimé ni," Tíṣà wí. "Ohun tí Isidore kà yẹn, Kpimé ni. Mi ò dé Mosi-oa-Tunya rí àfi oṣù tó kọjá. Irọ́ ni mo pa fún yín. Ẹ dárí jì mí."

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a, àmọ́ ta ló fẹ́ kó bá a níwájú pẹpẹ? Isidore ṣì dúró pẹ̀lú kàyé lọ́wọ́, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Tíṣà, ogún ọdún ni mo ti ń fi kọ́ àwọn ọmọ mi."

"Mo mọ̀. Ìyẹn ni mi ò fi lè gbé e mì lónìí."

Isidore jókòó. Ó yọ bírò, ó fa ìlà gbọọrọ la ojú ìwé àtijọ́ náà kọjá, ó ṣí òmíràn.

"Ó yá, Tíṣà," ló wí. "Dìkité. Ẹ máa pè é, kí n máa kọ."

Obìnrin kan lẹ́yìn, tó ti jókòó rí ní kíláàsì Tíṣà, wá bírò nínú báàgì. Ọkùnrin kan yí ìwé ètò ìsìn sẹ́yìn. Káàkiri ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn àgbàlagbà tó ti ní ọmọ-ọmọ tẹ orí ba bí wọ́n ṣe ń ṣe láyé ọjọ́un. Tíṣà gbé máìkì sún mọ́ ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀ sí pè é.

"Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ kò ní gbójú sókè. Omi náà wà níwájú rẹ̀, ó ń wọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tó rí ìsàlẹ̀..."

"Ẹ rọra, Tíṣà," Isidore ní, kò gbé orí sókè. "Mi ò fẹ́ ṣì í kọ lẹ́ẹ̀kejì."