Ẹ̀jẹ̀ Tí Wọ́n Fẹ́ Kó Ga

Ẹni tó bá ń wá ìjà Àjíbíkẹ́ ní Ifọ̀, kó kàn bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ lójú rẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti pa ọkọ rẹ̀ ló ti sọ ara rẹ̀ di dókítà àdúgbò láìgba ìwé ẹ̀rí. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tirẹ̀ kì í kúrò nínú pọ́ọ̀sì. Bí ọrùn bá ń ro ọ́, á ní ẹ̀jẹ̀ ni. Bí o bá bínú, ẹ̀jẹ̀ náà ni. A ò lè bú u. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá.

Nígbà tí wọ́n pè é láti Mowe pé Lásúnkànmí ọmọ rẹ̀ ké pé orí ń fọ́ òun, tó sì dákú nídìí táyà tó ń lẹ̀, iyọ̀ Ròkíátù, ìyàwó rẹ̀, ni ìyá kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Àwọn dókítà ní kì í ṣe iyọ̀. Òpó ẹ̀jẹ̀ kan nínú ọpọlọ rẹ̀ ló yọ kókó bíi ara táyà tó ti gbó, tó sì bẹ́. Wọ́n dí i. Lásúnkànmí jí, ó sọ̀rọ̀, ó tilẹ̀ bèèrè ẹni tó ń bá òun ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù.

Ewu tún wà níwájú. Dókítà Bádéjọ pe ìyá àti ìyàwó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú ọpọlọ ti mú kí àwọn òpó yòókù máa fún pọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá ráàyè kọjá, apá kan ọpọlọ lè kú.

"Ìdí nìyẹn tá a fi ń fún un lóògùn tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè, kó lè fi agbára gba ọ̀nà tóóró yẹn," ó ní. "Bí ẹ bá rí i tó ga lójú ẹ̀rọ, Màmá, ẹ má jáyà. Àwa la fẹ́ bẹ́ẹ̀."

Àjíbíkẹ́ mi orí bí ẹni tó gbà, ṣùgbọ́n kò gbà á gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ ga ju èyí tí wọ́n kà fún un lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú. Ó pe nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ̀rín yẹn ló bí Àjíbíkẹ́ nínú jù. Bí Ròkíátù ṣe jáde lọ kírun Àìlà, ó yọ oògùn tirẹ̀ méjì, ó lọ̀ ọ́ sínú ẹ̀kọ mímu, ó sì fún ọmọ rẹ̀ mu.

"Ẹ ṣé, Màmá," Lásúnkànmí ní.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí nọ́ńbà náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Inú Àjíbíkẹ́ dùn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun, ó sì fi ojú kéré Bádéjọ àti ìwé tó kà.

Ròkíátù wọlé, ó kí ọkọ rẹ̀. Lásúnkànmí ń wò ó, ẹnu rẹ̀ ń mì, ọ̀rọ̀ kò jáde. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni pé kì í ṣe tirẹ̀. Ròkíátù figbe ta.

Bádéjọ sáré wọlé, ó wo ẹ̀rọ, ó wo oògùn tó ń kán sí i lára. Ó kọjú sí nọ́ọ̀sì.

"Ṣé o dín in kù ni?"

"Rárá, sà! Mi ò fọwọ́ kàn án!"

"Bí kò bá sí ìdí mìíràn, á jẹ́ pé òpó náà ló tún há sí i. A ó gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ká fi wáyà gba itan rẹ̀ dé ọpọlọ lọ ṣí i. Iṣẹ́ yẹn léwu. Ṣé ẹnì kan fún un ní nǹkan?"

Bí Àjíbíkẹ́ bá dákẹ́, orí nọ́ọ̀sì ni yóò fọ́ sí, Ròkíátù kò sì ní rí ọ̀rọ̀ kankan sọ sí i títí ayé. Ṣùgbọ́n wọn yóò gbé ọmọ rẹ̀ lọ wá ohun tí kò sọnù. Ó yọ páálí oògùn rẹ̀ nínú pọ́ọ̀sì.

"Èmi ni," ó ní. "Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi ni. Méjì."

Bádéjọ kò jágbe. Ó gba páálí oògùn náà, ó kà á, ó ní kí wọ́n fi omi kún omi tó ń wọ iṣan rẹ̀, kí wọ́n sì fi kún oògùn tó ń kán. Wọ́n wá ń dúró. Àjíbíkẹ́, tó ti ń bẹ Ọlọ́hun láti ọjọ́ pípẹ́ pé kí ẹ̀jẹ̀ máa wálẹ̀, dúró níbẹ̀ ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kó gòkè. Ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n tó pe ìrun Àláásárì, ìka Lásúnkànmí ti mira.

Ròkíátù kò sọ̀rọ̀ kòbákùngbé kan. Ó gbé báàgì ìyá ọkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Màmá, ó ti rẹ̀ yín. Ẹ lọ sinmi ní Ifọ̀. Màá máa pè yín."

"Ṣé kí n padà wá lọ́la?"

"Màá pè yín, Màmá."

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Ó dun Àjíbíkẹ́ wọnú egungun, pàápàá nítorí ó mọ̀ pé ohun tí òun náà ìbá ṣe nìyẹn. Ó gba báàgì, ó jáde.

Kò tíì rìn jìnnà tó fi gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀, ó wúwo, ṣùgbọ́n ó já gaara.

"Màmá dà?"

"Wọ́n ti lọ sílé," Ròkíátù ní.

Àjíbíkẹ́ fara ti ògiri. Ó tún gbọ́ "Màmá" lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kí ọmọ má baà gbọ́ ìró rẹ̀, ó sì lọ.