Orúkọ Tí Báńkì Tó Kú Mọ̀

Nígbà tí báńkì wa kú, lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa kò sọ pé ó kú. Ó ní ìjọba ti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, àti pé ètò tó yẹ ti bẹ̀rẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Blackley ní Manchester níbí, mo wá pe ọkọ mi lórí fóònù.

"Báńkì ti kú o," mo ní.

"Kì í ṣe ikú, Ìyá Túnmiṣe. Àtúntò nínú ọ̀rọ̀ ìṣúná ni."

Díákónì ni ọkọ mi ní ìjọ wa ní Whalley Range. Bí ilé bá ń jó, á kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ tó dùn tó máa fi sọ ọ́.

Mílíọ̀nù méje àti ààbọ̀ náírà la ní nínú báńkì yẹn ní Ṣàgámù. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń wẹ arúgbó fún àwọn ẹbí wọn, tí òun náà sì ń wa ọkọ̀ ilé ìtajà, kí owó náà tó pé. Òrùlé ilé wa la fẹ́ fi ṣe, kí màmá mi lè kó síbẹ̀. Onílé rẹ̀ ti fún un ní ìwé pé kó kúrò kí oṣù kẹsàn-án tó parí. Oṣù kẹfà la wà nígbà yẹn.

Mo jókòó, mo fi fóònù mi wádìí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kò le. Tí ìjọba bá ti ti báńkì pa, àwọn òṣìṣẹ́ adójútòfò tí ìjọba fi ń dáàbò bo owó inú báńkì á wọlé síbẹ̀. Wọ́n á ka gbogbo ohun tó wà níbẹ̀: àga, jẹnẹrétọ̀, ilé, gbèsè tí àwọn èèyàn jẹ báńkì náà. Wọ́n á kọ́kọ́ san owó oníkálùkù fún un, àmọ́ kò ní ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ. Ẹni tí tirẹ̀ bá jù bẹ́ẹ̀ á dúró de ìyókù, títí wọ́n á fi ta àga àti ilé, tí wọ́n á sì gba gbèsè. Ẹni tó bá ní àkáǹtì sí báńkì mìíràn kò ní lọ tò síbì kankan. Owó á kàn wọlé síbẹ̀, bí orúkọ àti nọ́ńbà BVN bá ti bára mu.

Àwọn tí a jọ ń lo báńkì náà gba tiwọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Tiwa kò wọlé.

"Àkókò Olúwa ni a ń dúró dè," ọkọ mi ní.

"Olúwa kọ́ ló ṣí àkáǹtì. Bàbá Túnmiṣe, orúkọ wo lẹ fi ṣí i?"

Ó dìde, ó lọ ń wo inú fíríìjì.

Fágbàmílà ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́, orúkọ yẹn ló sì fi ṣí àkáǹtì ní 2006. Nígbà tó kọ́kọ́ dé ìjọ wa, ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, Pásítọ̀ Akínlóyè bi í pé kí lorúkọ rẹ̀. Ojú tì í láti dárúkọ Ifá nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ló bá ní Jésùgbàmílà. Kò sẹ́ni tó ní kó yí i padà. Pásítọ̀ ní orúkọ yìí mà dára, ṣé onígbàgbọ́ ni bàbá rẹ̀. Ó ní kátíkíìsì ni. Láti ìgbà náà, ní January kọ̀ọ̀kan, Pásítọ̀ á fi í ṣe àpẹẹrẹ nínú ìwàásù: ẹ wo díákónì wa, ẹni tí bàbá rẹ̀ ti fà lé Jésù lọ́wọ́ láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ọkọ mi á tẹrí ba. Ó yáa lọ ṣe deed poll, ìwé ìyípadà orúkọ, níkọ̀kọ̀. Passport rẹ̀ àti àkáǹtì rẹ̀ tuntun di Jésùgbàmílà. Báńkì tó kú nìkan ló ṣì ń pè é ní Fágbàmílà.

Mo kọ̀wé sí àwọn adójútòfò. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ìwé deed poll, wọ́n fẹ́ kí ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n pẹ̀lú orúkọ méjèèjì fọwọ́ síwèé, wọ́n á sì pe ọkọ mi lórí fídíò kí òun fúnra rẹ̀ sọ ẹni tó jẹ́.

"Ta ló mọ̀ yín ní Fágbàmílà ní Manchester níbí?"

"Kò sí."

"Táòfíkì ńkọ́?"

Ó tún lọ sídìí fíríìjì.

Táòfíkì ń ta bàtà ní ọjà Harpurhey. Òun àti ọkọ mi jọ lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọdún mẹ́ta ni ọkọ mi ti ń gba ẹ̀yìn ọjà lọ ra ẹja, kí Táòfíkì má baà rí i pè. Lọ́jọ́ Sátidé, mo mú un gba iwájú.

"Fágbà," Táòfíkì ní, kò tiẹ̀ tíì gbójú sókè. "Ìyàwó wa, ẹ káàbọ̀. Ṣé wọ́n ti dí ọ̀nà ẹ̀yìn ni?"

"Ẹ kú ọjà, ọ̀gbẹ́ni," ọkọ mi ní.

"Ta ni ọ̀gbẹ́ni? Èmi tí mo yá ẹ ní ṣòkòtò lọ́jọ́ ìdánwò?"

Mo gbé ìwé síwájú rẹ̀. Ó kà á délẹ̀. "Wọ́n ní kí n jẹ́rìí pé ẹnì kan náà ni Fágbàmílà àti Jésùgbàmílà. Ó máa ṣòro. Fágbàmílà tí mo mọ̀ máa ń kí èèyàn."

Ọkọ mi wolẹ̀. "Má bínú, Táò."

"Ó kúrú," Táòfíkì sọ fún mi. "Ìgbà tó wà ní kékeré ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó kúrú lẹ́nu ẹ̀ kẹ́yìn."

Ó fọwọ́ sí i. Ó tún ta bàtà kan fún un, kò sì yọ kọ́bọ̀ kúrò nínú iye rẹ̀.

Àwọn adójútòfò ní Thursday làwọn máa pè, láàárín aago mẹ́wàá sí mẹ́rin. Bí kò bá gbé e, a máa padà sẹ́yìn ìlà, oṣù kẹsàn-án á sì ti kọjá kó tó tún kàn wá. Thursday sì ni ìjọ wa ń pín oúnjẹ fún àwọn aláìní. Mo ní kó dúró sílé. Ó ní iṣẹ́ Olúwa kò ṣeé pa tì. Mo mú charger, mo tẹ̀ lé e.

Nígbà tó di aago kan, a wà nínú gbọ̀ngàn, à ń di ìrẹsì sínú báàgì. Pásítọ̀ wà nídìí búrẹ́dì, Sister Patience ń to ẹyin. Fóònù dún. Ọkọ mi sáré wọ inú yàrá tí à ń kó àga sí, ó ti ilẹ̀kùn. Ìpè náà já. Wọ́n tún pè, ó tún já.

Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo ṣílẹ̀kùn, mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ni mo gbé e. "Ẹ káàsán, mà. Olúwadùnsìn lorúkọ mi, láti ọ̀dọ̀ àwọn adójútòfò. Tó bá tún já, ẹni tó kàn ni màá pè o."

Mo di ẹ̀wù ọkọ mi mú, mo fà á wá sídìí fèrèsé nínú gbọ̀ngàn, níbi tí network ti máa ń dára.

"Ẹ wo kámẹ́rà, sà," ọmọbìnrin náà ní. "Ẹ sọ orúkọ tẹ́ ẹ fi ṣí àkáǹtì."

Ó sún mọ́ fóònù bí ẹni fẹ́ fẹnu kò ó lẹ́nu. "Nítorí àwọn ìdí kan tó jẹ mọ́ ìgbé ayé ẹ̀mí, wọ́n ti mọ̀ mí tẹ́lẹ̀ rí sí..."

"Sà, orúkọ nìkan."

Mo sọ sí i létí pé, "Òrùlé màmá mi lẹ̀ ń yí ká yẹn."

Ó gbórí sókè. "Fágbàmílà Oyèkọ́lá."

"Ẹ gbóhùn sókè díẹ̀, sà, kó lè wọ inú fídíò."

Ó gbóhùn sókè. Sister Patience dúró pẹ̀lú ẹyin lọ́wọ́.

"Ẹ ṣé, sà. Ta lẹ kọ orúkọ rẹ̀ bí ẹbí yín nínú fọ́ọ̀mù, iṣẹ́ wo ló sì ń ṣe?"

Ọkọ mi kò wo apá ibi tí Pásítọ̀ wà. "Bàbá mi. Wọ́n ń la gẹdú."

"Ó bára mu, sà. Mílíọ̀nù márùn-ún á wọlé láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Ìyókù dìgbà tí a bá ta dúkìá báńkì náà."

Pásítọ̀ fi búrẹ́dì sílẹ̀, ó rìn wá. "Díákónì, kátíkíìsì ńkọ́?"

"Kò sí kátíkíìsì, sà. Ojú ló tì mí lọ́jọ́ yẹn. Mo parọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

Pásítọ̀ gbọn èérún búrẹ́dì kúrò lọ́wọ́. "January mẹ́rìnlá," ó ní. "January mẹ́rìnlá ni mo fi ń wàásù nípa bàbá onígẹdú." Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ìgbà tó di tábìlì mú ni mo mọ̀ pé ẹ̀rín ló ń rín.

"Deacon Fágbà," Sister Patience ní, "abeg carry this rice go gate. People dey wait."

Owó náà wọlé ní ọjọ́ kẹsàn-án. Wọ́n kan òrùlé ní oṣù kẹjọ, màmá mi sì kó wọlé nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́fà kí àkókò tí onílé dá fún un pé. Ó ní páànù náà ń pariwo tí òjò bá ń rọ̀. Mo ní kó fara dà á.

Ní ti mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀ tó kù, wọ́n ti ta àga àti ọkọ̀ báńkì náà, wọ́n sì ti fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Wọ́n ṣì ń wá ẹni tó máa ra ilé báńkì náà gan-an. Mo sọ fún ọkọ mi pé kó gbàdúrà kí ẹni náà má ní ju orúkọ kan lọ. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n gbé oúnjẹ wá.