Ìbọ̀wọ́ Tó Ń Dọ̀bálẹ̀

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, Japhet fi ìbọ̀wọ́ méjìlá kí Bàbá Olóyèdé. Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹ̀kọ́ ilé ló fà á.

Ọmọ Iloffa ni Japhet, ó kàwé gboyè nínú ìmọ̀ ìṣirò, ọpọlọ rẹ̀ kì í sì í sinmi. Bí kò bá rí àdìtú tú, á máa ka páànù òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ìwàásù bá ń lọ. Nígbà tó wá ní òun fẹ́ kọ́ṣẹ́ táàtù, pé òun fẹ́ máa fín orúkọ àti àwòrán sí ara èèyàn, ìyá rẹ̀ fọwọ́ lẹ́rán.

"Ìṣirò tó o fi ọdún mẹ́rin kà, ara èèyàn lo fẹ́ lọ ṣe é sí?"

Ṣùgbọ́n wọn ò dí i lọ́wọ́. Láràárọ̀ ló ń gun ọ̀kadà láti Iloffa lọ sí Osi, sí ṣọ́ọ̀bù Adémọ́lá, ọ̀gá rẹ̀, ní oríta tí mọ́tò ti ń kérò.

Adémọ́lá kì í kánjú. Oṣù mẹ́ta ni Japhet fi fín èèpo ọsàn kó tó kúrò nídìí ẹ̀. Ọ̀gá ní ọsàn kì í purọ́: bí abẹ́rẹ́ bá wọlé jù, omi á yọ, á sì tú àṣírí ọwọ́ tó wúwo. Lẹ́yìn ọsàn ó bọ́ sórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, lẹ́yìn ọ̀gẹ̀dẹ̀ ó bọ́ sórí pọ̀nmọ́ tútù. Nígbà tó yá, ìlà rẹ̀ dúró ṣánṣán, kò mì, kò nípọn níbì kan kó tún tín-ín-rín níbòmíì. Kí ló wá kù? Ìbọ̀wọ́ ni.

Òfin Adémọ́lá nípa ìbọ̀wọ́ kò gùn. "Tí ìbọ̀wọ́ bá ti kan ohunkóhun tí kì í ṣe ara oníbàárà, ẹ̀rọ tàbí íńkì, ó ti kú nìyẹn. Bọ́ ọ dànù, fọ ọwọ́ rẹ, wọ òmíì. Ẹ̀jẹ̀ èèyàn là ń fọwọ́ kàn níbí, kì í ṣe omi ọsàn."

Òfin yìí ì bá rọrùn bí kì í bá ṣe ti sólà. Nígbà tí Adémọ́lá kọ́kọ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù náà, àwọn kan ń pè é ní ilé èṣù. Ó ronú, ó ra sólà, ó sì ní kí àwọn àgbà àdúgbò máa wá fi iná sí fóònù wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ilé èṣù ti di ilé ìmọ́lẹ̀, kò sì sí àgbà tó tún fẹ́ gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa.

Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tí fóònù rẹ̀ ń kú tó ti Bàbá Olóyèdé. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, orí fóònù ni wọ́n sì ti ń gbọ́ rédíò láti ìdájí. Tó bá di agogo mẹ́wàá, fóònù á kú. Tó bá di agogo méjì, á tún kú. Àwọn ló kọ́ bàbá Japhet ní ábídí, wọn kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ìkíni ṣeré. Lọ́jọ́ kan tí Japhet kàn tẹ orí ba fún wọn láti orí ọ̀kadà, ẹjọ́ rẹ̀ ṣáájú ọ̀kadà dé Iloffa.

Nítorí náà, bí Bàbá bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, ara Japhet kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ orí mọ́. Á ti wà nílẹ̀: àyà lórí sìmẹ́ńtì, àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lórí sìmẹ́ńtì, ìbọ̀wọ́ lára àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Japhet. Dìde, ọmọ dáadáa."

Á dìde, á jókòó, á mú ẹ̀rọ. Adémọ́lá á sì wúkọ́.

Ìgbà méjì ni ọ̀gá rẹ̀ ti dán an wò lórí pọ̀nmọ́, pé kó fín orúkọ kan parí láìba ìbọ̀wọ́ jẹ́. Ìgbà méjèèjì ló já sí kòtò kan náà. Ní ti àkọ́kọ́, ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó sì ń fín nìṣó.

"Kí ló wà lára ìbọ̀wọ́ yẹn?" Adémọ́lá bi í.

Japhet wò ó. "Erùpẹ̀, sà."

"Àti?"

"Ìyẹ́ adìyẹ, sà."

Ní ti ìkejì, ó fa kọ́tìnnì, ó fara pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀. Bàbá Olóyèdé ṣí kọ́tìnnì, wọ́n ń wá ihò tí wọ́n á ki wáyà fóònù bọ̀, wọ́n sì bá a níbẹ̀ bí ẹni tó ń jí àgbàdo nínú oko olóko. Ó tún dọ̀bálẹ̀.

"Ọwọ́ rẹ dáa," ni Adémọ́lá wí lọ́jọ́ náà. "Ìlà rẹ lórí pọ̀nmọ́ yẹn, Keziah ará Eruku rí i, ó ní ìwọ lòun fẹ́ kó ṣe tòun. Sátidé ló ń bọ̀. Màá jókòó tì ọ́, ojú mi á sì wà lára ìbọ̀wọ́ rẹ. Tó bá fi lè kan ilẹ̀, màá gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ, èmi ni màá parí ẹ̀, ìwọ á sì padà sídìí ọsàn títí di Kérésì."

Aránṣọ ni Keziah. Ìyá rẹ̀, tó kú lọ́dún tó kọjá, ní oríkì rẹ̀, Àbẹ̀kẹ́, ní inú apá òsì, bí wọ́n ṣe máa ń fín in fún àwọn obìnrin ìgbà tiwọn. Ibẹ̀ náà, lára tirẹ̀, ni Keziah fẹ́ kí wọ́n fín orúkọ ìyá rẹ̀ sí. Japhet ti ya Àbẹ̀kẹ́ sórí pépà lẹ́ẹ̀mẹrìndínlógójì, kò sì fẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíì parí ẹ̀.

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ bí àlọ́ ọkùnrin tó fẹ́ kó ẹkùn, ewúrẹ́ àti iṣu sọdá odò. Ìbọ̀wọ́ ò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Àgbà ò gbọdọ̀ bínú. Iṣẹ́ ò sì gbọdọ̀ dúró. Bó ṣe ń gbé méjì sọdá ni ẹ̀kẹta ń já sómi. Tó bá tilẹ̀kùn, àgbà á bínú. Tó bá ń pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ ní gbogbo ìgbà, páálí á tán, ilẹ̀ á sì ṣú bá Keziah lórí àga. Ó wá rò ó pé bóyá èèyàn lè dọ̀bálẹ̀ láìlo ọwọ́. Ó dúró sí àgbàlá wọn ní Iloffa, ó na apá méjèèjì sẹ́yìn bí àkùkọ tó fẹ́ kọ, ó sì jẹ́ kí ara lọ.

Imú rẹ̀ ló kọ́kọ́ kílẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí nítòsí. Wọ́n gbé ọpọ́n sílẹ̀. "Japhet, ṣé kò sí o?"

"Ìkíni ni mò ń kọ́, mà."

"Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún."

Ó ń fọwọ́ pa imú, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín tí ẹ̀gúsí fi dà nù.

"Ìyá tó bí bàbá rẹ, orúkọ ni wọ́n ń fín sápá àwọn èèyàn ní Idofin. Ṣé gbogbo ẹni tó bá kọjá lo rò pé wọ́n ń dìde kí? Tí o bá bá onídìrí nídìí orí, ta ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀?"

"Ẹni tó ń kọjá ni."

"Kí ló ń sọ?"

"Ojú gbooro o."

"Aláró ńkọ́?"

"Wọ́n ń kí i ní àrẹ̀dú."

"Ṣé ó ń gbọn aró nù lọ́wọ́ kó tó dáhùn? Ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ la ń kí, òun kọ́ ló ń kí wa."

"Kí ni wọ́n wá ń kí ìyá àgbà, mà?"

"Ìgbà tí mo délé yìí, ojú wọn ti di bàìbàì, wọn ò mú abẹ́rẹ́ mọ́. Èmi ò mọ̀ ọ́n."

Japhet jókòó sórí àpótí. Ó lè ṣe ìkíni náà fúnra rẹ̀, ìyẹn ò le. Ṣùgbọ́n ta ni ọmọ tó máa lọ kọ́ Bàbá Olóyèdé bí wọ́n á ṣe kí òun? Ó wo ọ̀rọ̀ náà síwá, ó wò ó sẹ́yìn, lójijì ló bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì yọ nímú rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ Fúráìdé, ó lọ sílé Bàbá ní Osi. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ọwọ́ lásán, ó sì pẹ́ nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Bàbá fi pa rédíò.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, sà. Ọ̀rọ̀ kan ló wà tó ju agbára àwa ọmọdé lọ. Onídìrí ní ìkíni tirẹ̀, aláró ní, àgbẹ̀ ní. Iṣẹ́ tiwa nìkan ló dà bí ọmọ tí wọn ò tíì sọ lórúkọ. Mo ní bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, ta ló tún kù tó lè sọ ọ́?"

Bàbá bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un wọ̀. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fún wọn níṣẹ́ ṣe.

"Kí ló wà lọ́wọ́ yín tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́?"

"Abẹ́rẹ́, sà."

"Kí lẹ ń bẹ̀rù?"

"Kó má ṣìnà, sà."

"Ẹ kú ìrora," ni Bàbá kọ́kọ́ dán wò, wọ́n sì mi orí fúnra wọn. "Rárá. Ìyẹn á lé oníbàárà." Wọ́n wo àjà. Wọ́n ka nǹkan kan sínú. Nígbà tó yá, wọ́n gbé ọwọ́ sókè bí ìgbà tí wọ́n ń darí orin lórí pápá ilé ìwé. "Abẹ́rẹ́ á mọ̀nà o. Kí ẹ sì dáhùn pé, kò ní ṣìnà."

Wọ́n wá ìwé kan, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n kọ déètì sí i.

"Àti pé," wọ́n ní, "ẹni tó bá mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ò gbọdọ̀ dìde kí ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe ọba. Ẹni tó bá dìde ti ba ìkíni mi jẹ́."

"Ẹnu yín la ti gbọ́ ọ, sà," ni Japhet wí, ó sì tètè kúrò níbẹ̀ kí ẹ̀rín má baà pa á.

Lọ́jọ́ Sátidé, Keziah dé ní agogo mẹ́sàn-án. Japhet bi í bóyá ó ti jẹun, bóyá ohun kan wà tí ara rẹ̀ kì í gbà. Ó fi ọ̀rá bo àga àti wáyà ẹ̀rọ. Ó fọ ọwọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ìṣojú Keziah ló ti já abẹ́rẹ́ tuntun nínú ọ̀rá rẹ̀, ó bu íńkì díẹ̀ sínú ìdérí kékeré tí wọ́n máa jù nù, ó fi sípíríìtì nu inú apá rẹ̀, ó sì lẹ àwòrán Àbẹ̀kẹ́ mọ́ ọn, kó tó wọ ìbọ̀wọ́ tuntun. Adémọ́lá fa àpótí, ó jókòó tì í.

"Ṣé o ti fín èèyàn rí ṣá?" Keziah bi í.

"Mo ti fín ọsàn tó ọgọ́rùn-ún."

"Èmi kì í ṣe ọsàn o."

"Mo mọ̀. Ọsàn kì í sọ̀rọ̀."

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Keziah di eyín, ó sì rọra tú u. Japhet ń na awọ pẹ̀lú ọwọ́ òsì, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún fa ìlà, ó ń nù, ó tún ń fà. A parí. B parí. Ó ti wọ inú ikùn lẹ́tà Ẹ nígbà tí òjìji kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, fóònù tó ti kú lọ́wọ́ rẹ̀.

"Abẹ́rẹ́ á mọ̀nà o," ni Bàbá Olóyèdé wí, ketekete, bí ẹni tó ń bá gbogbo ilé ìwé sọ̀rọ̀.

Gbogbo ara Japhet ló fẹ́ lọ sílẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ti gbéra. Ó fi ìdí di àga mú.

"Kò ní ṣìnà, sà."

Bàbá mi orí bí ẹni tó jẹ oyin. Adémọ́lá wo ìbọ̀wọ́ Japhet, ó wo Bàbá. Ẹkùn, ewúrẹ́ àti iṣu ti sọdá odò. Àfi pé ẹnì kan wà tí Japhet gbàgbé láti sọ fún.

Ọmọ ilé ire ni Keziah. Àgbà ti wọlé, òun náà sì wà lórí àga bí ayaba. Japhet rí i tí èjìká rẹ̀ mì, díẹ̀ báyìí, bí omi ọsàn ṣe máa ń kóra jọ kó tó yọ. Kò ronú. Ó gbé abẹ́rẹ́ sókè, ó sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ohun tó fi ń tẹ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ dákẹ́. Kí ó tó mí, Keziah ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Apá rẹ," ni Japhet wí pẹ̀lẹ́. "Má jẹ́ kó kan nǹkan kan."

Ó gbé apá sókè, ó wà lórí ìkúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì. Adémọ́lá dìde. Ó wọ ìbọ̀wọ́ tuntun, ó di apá náà mú, ó tẹ̀ mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan án. Japhet gbé ọwọ́ méjèèjì sí afẹ́fẹ́.

"Ìlà ò yà," ni ọ̀gá wí níkẹyìn. "Kò yà rárá. Báwo lo ṣe mọ̀ pé ó fẹ́ dìde?"

"Èjìká rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́, sà."

Adémọ́lá na ẹ̀yìn. Ó fẹ́ padà sórí àpótí rẹ̀ nígbà tí Bàbá pè é.

"Adémọ́lá."

"Sà?"

"Ìwọ ò tíì kí mi."

"Ẹ má bínú, sà. Mo rò pé ìkíni tuntun yẹn—"

"Ti ẹni tó mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ni. Abẹ́rẹ́ dà lọ́wọ́ tìrẹ?"

Adémọ́lá wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀. Kí orí rẹ̀ tó gbọ́, ara ti lọ: àyà lórí sìmẹ́ńtì, ìbọ̀wọ́ funfun méjì gbàgàdà lórí sìmẹ́ńtì.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Dìde, ọmọ dáadáa."

Ó dìde. Japhet fẹ́ na páálí ìbọ̀wọ́ sí i, ọwọ́ rẹ̀ ti dé ìdajì ọ̀nà kó tó rántí, ó sì dá a padà. Ẹnu ló fi júwe páálí náà lórí tábìlì.

"Ọ̀gá, èyí ti kú, sà."

Adémọ́lá wo ẹnu tó ń júwe, ó wo ọwọ́ tó dúró sí afẹ́fẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ìka kan lẹ́yìn ìkejì.

"Oníbàárà ọjọ́ Mọ́ńdè," ó ní, "ìwọ lo ni ín. Keziah, padà sórí àga."

Ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Bàbá ti rí ihò wáyà wọn, fóònù ti ń gba iná, wọn ò sì ní ohun mìíràn ṣe níbẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n yíjú padà, torí pé ó dùn lẹ́nu wọn.

"Abẹ́rẹ́ á mọ̀nà o."

Keziah ló kọ́kọ́ dáhùn. "Kò ní ṣìnà, sà," ó ní, èjìká rẹ̀ kò sì mì.