Àdúrà Tó Kún Àkúnwọ́sílẹ̀

Àdúrà kì í sú mi, ẹ má bi mí léèrè. Bí mo bá ya ọmọ tuntun ní fọ́tò, mo máa ń kọ àdúrà sínú fọ́tò náà. Kì í ṣe sára rẹ̀ o, inú rẹ̀ ni, níbi tí kọ̀ǹpútà ń fi ọjọ́ tí a yà á àti orúkọ ẹni tí a yà pamọ́ sí. Àyè kékeré kan wà níbẹ̀ fún àlàyé. Àwọn ẹgbẹ́ mi á kọ "ọmọ, oṣù mẹ́ta," ó parí. Èmi kọ́! Ẹnu mi kì í sinmi, ọwọ́ mi náà kì í sinmi.

Àbúrò mi ọkùnrin ló ṣe ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka àwọn àlàyé yẹn. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló fẹ́ pín in ní gbọ̀ngàn ìpàdé fún gbogbo ẹgbẹ́ àwa ayàwòrán, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó fi orúkọ ara rẹ̀ ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ṣí fọ́tò ìkókó kan ní ṣọ́ọ̀bù mi, ètò bá kú. Mo tún un ṣí, ó tún kú. Nígbà tó jí, mo wo fọ́tò bàbá arúgbó kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Níbi tó yẹ kí orúkọ bàbá wà, mo rí "kí eyín rẹ̀ hù láìsí wàhálà."

Mo fi ìbínú pe àbúrò mi. "Ìwọ, wá wo ohun tí o ṣe! Bàbá tí kò ní eyín ẹyọ kan lẹ́nu!"

Ó dé, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Lẹ́yìn náà ló wo iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ẹ̀rín bá tán lójú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní kí ètò wo bí ọ̀rọ̀ ṣe gùn tó kó tó gbà á. Àdúrà yín pọ̀ ju àyè rẹ̀ lọ, ó wá ṣàn wọ àyè ẹlòmíràn."

"Ṣé àdúrà mi ló wá ba nǹkan jẹ́?"

"Tiyín ò léwu. Bí olè bá wá kọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà máa tẹ̀ lé síbi tí ẹ kọ àdúrà sí ńkọ́? Fọ́tò lásán lẹ máa rò pé ẹ ṣí, òun á ti wọ kọ̀ǹpútà yín."

Ó jókòó, ó di orí mú. "Àwọn ẹgbẹ́ yín ti ń dé sí gbọ̀ngàn. Bí mo bá sọ fún wọn, ta ló tún máa gba iṣẹ́ mi?"

"Bí o ò bá sọ ńkọ́?"

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ̀ lé e, ẹ̀rù sì ń bà mí gan-an nítorí mi ò mọ èyí tó máa ṣe.

Ó dìde níwájú gbogbo wọn ní gbọ̀ngàn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbà á lónìí. Àléébù ńlá wà nínú rẹ̀, ọwọ́ mi ló ti wá." Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀.

Alága wa, ìyá kan tí kì í gbóríyìn fún ẹnikẹ́ni, wò ó. "Ta ló mọ̀ yàtọ̀ sí ọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi nìkan, mà."

"O ì bá ti dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó dáa. Lọ tún un ṣe. A máa dúró dè ọ́, a ò ní gba ti ẹlòmíràn."

Kí n tó mọ̀, mo ti dìde, omi ń bọ́ lójú mi, mo ń pariwo, "Àbúrò mi nìyẹn o! Àbúrò mi ni!" Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ.